Oṣù mẹ́ta pẹ̀lú irinṣẹ́ tó ní òun mọ ìwé tí ẹ̀rọ kọ

Iṣẹ́ olóòtú ni mo ń ṣe. Àwọn òǹkọ̀wé a máa fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí mi, èmi a sì bá wọn tún un ṣe kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé. Láti ìgbà tí ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn kọ̀wé, ti jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìbéèrè kan ti ń bá mi jẹun, tí ó ń bá mi sùn: ṣé ọwọ́ ẹni tí ó fi orúkọ sí ìwé yìí ló kọ ọ́, àbí ẹ̀rọ ló bá a kọ ọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi sanwó fún irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí ó ní òun lè dáhùn ìbéèrè náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi lò ó. N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tí ó ni ín, nítorí pé ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò kan àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí mo ti dán wò pẹ̀lú. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀.

Ojú irinṣẹ́ náà kò díjú rárá, ó sì yẹ kí n yìn wọ́n fún ìyẹn. Ènìyàn á da ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú àpótí funfun kan, á tẹ bọ́tìnì, nọ́ńbà kan á sì jáde láti 0 dé 100. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ga tó ni ó ṣe dá irinṣẹ́ náà lójú tó pé ẹ̀rọ ló kọ ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí ni yóò kun àwọn gbólóhùn ní ọ̀dà. Èyí tí ó fura sí gidigidi á pupa, èyí tí kò dá a lójú á ní àwọ̀ ìyeyè, èyí tí ó gbà pé ènìyàn ló kọ ọ́ á wà bí ó ṣe wà. Bọ́tìnì kejì wà ní ìsàlẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ó tún ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kọ kọ, kí irinṣẹ́ ayẹ̀wò má baà rí i mú mọ́. A sọ fún olè kí ó wá jà, a sọ fún olóko kí ó wá mú un: ilé kan náà ló ń ta ọjà méjèèjì, orí àkáǹtì kan náà ni a sì ti ń san owó méjèèjì. N óò padà sórí bọ́tìnì yẹn.

Kí a tó lè mọ ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ń wọ̀n. Ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé a máa yan ọ̀rọ̀ tí ó kàn nípa wíwo èyí tí ó ṣeé ṣe jù kí ó tẹ̀lé àwọn tí ó ti kọjá. Bí ènìyàn bá kọ ‘òjò bẹ̀rẹ̀ sí í’, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ‘rọ̀’ ló ń bọ̀. Bí òǹkọ̀wé bá wá fi ‘bínú’ sí i, ìyàlẹ́nu kékeré kan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Irinṣẹ́ ayẹ̀wò a máa ṣírò irú ìyàlẹ́nu bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin. A tún máa wò ó bóyá gígùn àwọn gbólóhùn yàtọ̀ síra, nítorí pé ọmọ ènìyàn lè kọ gbólóhùn gbọọrọ kan kí ó tó ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ sábà máa ń rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà bí ọmọ ogun. Ìwé tí ìyàlẹ́nu rẹ̀ kéré, tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ sì dọ́gba, ni yóò pupa. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n kọ́ láti máa kọ̀wé ṣákáṣáká, tí ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí kò ní í rú òǹkàwé lójú, ti bọ́ sínú ewu kí ó tó tẹ bọ́tìnì.

Mo fi ìwé tí kò ṣeé jiyàn lé lórí dán an wò. Mo lọ kó àwọn àpilẹ̀kọ tí èmi fúnra mi fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ṣáájú ọdún 2022 jáde, nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ kankan ní sàkáání mi tí ó lè bá mi kọ ìlà kan. Ìtọ́sọ́nà tí mo kọ fún àwọn òǹkọ̀wé tuntun, lórí bí wọn yóò ṣe to ìwé wọn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, pupa láti òkè délẹ̀. Èyí tí mo fi ìbínú kọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí gbólóhùn rẹ̀ ń kọsẹ̀, tí n kò tilẹ̀ tún kà kí n tó fi síta, ni ó gba ìwé ẹ̀rí pé ọmọ ènìyàn ni mí. Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní purọ́, nítorí pé ìtọ́sọ́nà yẹn ló gba iṣẹ́ jù lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ẹ̀rọ AI kọ àpilẹ̀kọ kan fún mi láìfi kún un, irinṣẹ́ náà sì mú un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo yin ín. Mo wá ní kí ẹ̀rọ kan náà tún un kọ bí ẹni tí ó ń kánjú, kí ó máa já ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín gbólóhùn, kí ó má sì lo ọ̀rọ̀ ńláńlá. Èyí kọjá láìní àwọ̀ kankan lára.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé oríire mi ni kò dára. OpenAI tí ó ni ChatGPT gan-an gbé irinṣẹ́ irú èyí jáde ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ pé ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ó rí mú nínú ohun tí ẹ̀rọ kọ, àti pé ó ń fẹ̀sùn kan ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ènìyàn kọ. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún kan náà, wọ́n ti gbé e kúrò nílẹ̀ nítorí pé kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kò bá rí i mú, mo fẹ́ mọ ohun tí àwọn yòókù ń fojú rí tí òun kò rí.

Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn, èyí tí ó kan ọ̀pọ̀ nínú wa. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Stanford kó àròkọ 91 jọ tí àwọn tó ń ṣe TOEFL, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn elédè mìíràn, kọ, wọ́n sì gbé e fún irinṣẹ́ ayẹ̀wò méje. Ní ìpíndọ́gba, irinṣẹ́ wọ̀nyí ní ẹ̀rọ ló kọ ohun tí ó lé ní ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bẹ́ẹ̀ ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló kọ gbogbo rẹ̀. Àròkọ àwọn ọmọ iléèwé ní Amẹ́ríkà kọjá láìsí wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó pa mí lẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀rín ẹ̀dùn, ni pé nígbà tí wọ́n ní kí ChatGPT fi ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀ kún àwọn àròkọ TOEFL náà, ẹ̀sùn já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ fọwọ́ kan ìwé náà tán ni wọ́n tó gbà pé ènìyàn ló kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ nípa ìpín kékeré tún wà tí àwọn olùtajà fẹ́ràn láti máa sọ. Irinṣẹ́ mi náà ní àṣìṣe òun kò pọ̀. Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2023, nígbà tí Turnitin, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ ìwé akẹ́kọ̀ọ́ wò, sọ pé àṣìṣe apá rẹ̀ tó ń wá ọwọ́ ẹ̀rọ kò tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún: ìwé 75,000 ni wọ́n fi sínú Turnitin ní ọdún 2022, nítorí náà ìdá 1 lè túmọ̀ sí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ bí 750 tí a ó fẹ̀sùn èké kàn. Wọ́n pa apá yẹn nínú irinṣẹ́ náà ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Àṣìṣe kékeré lójú ẹni tí ó ń tajà ni ọjọ́ ìdájọ́ lójú ẹni tí ó já lé lórí.

Mo mọ èyí nítorí pé mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ a máa kọ̀wé sí mi láti ìgbà dé ìgbà, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì gún régé: ìpínrọ̀ rẹ̀ bára mu, kò sí àsọtúnsọ, kò sí àwàdà tí kò wúlò. Irinṣẹ́ náà fún àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní nọ́ńbà tí ó ga dé bi pé ọwọ́ mi gbọ̀n. Dípò kí n fi ọkàn ara mi ṣe ìdájọ́, mo kọ lẹ́tà sí i, mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, sà’, mo sì béèrè bóyá wọ́n lo ẹ̀rọ. Bàbá kò bínú. Wọ́n ya fọ́tò ìwé tí wọ́n fi bírò kọ, tí ìlà ìparẹ́ wà lórí rẹ̀ káàkiri, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, wọ́n sì fi ìbéèrè kan ṣoṣo tì í: ‘Ṣé ẹ̀rọ náà ló kọ́ mi ni, àbí àwa ni a kọ́ ọ?’ N kò rí èsì fọ̀. Ìwé irú àwọn bàbá wọ̀nyẹn, tí wọ́n kọ láìlábàwọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà lára ohun tí ẹ̀rọ kà kí ó tó mọ̀wé kọ. Ó jí ohùn wọn gbé, a sì wá ń mú wọn pé ohùn wọn jọ ti ẹ̀rọ.

Àwọn kan á ní kí a fi irinṣẹ́ sílẹ̀, kí a kàn máa ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí kan yẹ àkékúrú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn tí ó lé ní mílíọ̀nù 15 wò, láti ọdún 2010 dé 2024, wọ́n sì rí i pé lílò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ‘delves’ àti ‘underscores’ déédéé fò sókè lẹ́yìn tí ẹ̀rọ wọ̀nyí dé. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó kéré tán, ìdá 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti ọdún 2024 ni ẹ̀rọ bá wọn lọ́wọ́ sí. Ṣùgbọ́n agbo ni irú ìṣirò yẹn lè rí. Ó lè sọ pé ẹ̀rọ wà láàárín ọjà, kò lè na ìka sí ẹnì kan nínú ọjà náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ fẹ́ràn ni ẹlòmíràn ti fẹ́ràn láti kékeré rẹ̀.

Ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ lè tú òǹkọ̀wé fó wà láyé tipẹ́. Láàárín ọdún 1787 sí 1788, àpilẹ̀kọ 85 jáde ní Amẹ́ríkà lábẹ́ orúkọ ìnagijẹ ‘Publius’ láti gbè sẹ́yìn òfin ìpìlẹ̀ tuntun. Àríyànjiyàn wà lórí 12 nínú wọn: ṣé Alexander Hamilton ló kọ wọ́n, àbí James Madison, àwọn olóṣèlú méjì tí wọ́n wà lára àwọn tó ń lo orúkọ náà? Ní ọdún 1964, Mosteller àti Wallace tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ ìṣirò gbé ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí ni wọ́n kà. Hamilton fẹ́ràn ‘upon’, Madison kì í sábà lò ó. Madison ni ẹ̀rí náà tọ́ka sí. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́: ìwé tí ó dájú pé Hamilton kọ, àti ìwé tí ó dájú pé Madison kọ. Wọ́n mọ ọwọ́ àwọn ènìyàn náà. Irinṣẹ́ tí mo sanwó fún kò mọ ọwọ́ mi, kò béèrè rẹ̀, kò sì ní àyè fún un. Èmi mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé mi kì í kọ ‘ṣùgbọ́n’ láéláé, ‘àmọ́’ ni tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ‘ṣùgbọ́n’ mẹ́fà bá wọ inú ìwé rẹ̀, n óò pè é lórí fóònù.

Èyí gbé mi dé orí Yorùbá, níbi tí irinṣẹ́ náà ti tẹ́ pátápátá. Ó kọ ọ́ síwájú ilé rẹ̀ pé òun gbọ́ ọ̀pọ̀ èdè. Mo fún un ní ìpínrọ̀ kan tí mo kọ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pípé, ó ní ènìyàn ló kọ ọ́. Mo bọ́ àmì ohùn kúrò lára ìpínrọ̀ kan náà láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, ó ní ẹ̀rọ ni. Kò yà mí lẹ́nu. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí a máa gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó kà á, ọ̀rọ̀ tí ó sì ní àmì lórí àti nísàlẹ̀ a máa di ègé púpọ̀ sí i, nítorí náà ohun tí ó ń pè ní ìyàlẹ́nu lè máà ju pé ojú rẹ̀ kò mọ́ àmì wa.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Yorùbá tí ẹ̀rọ kọ kò fara pamọ́ fún etí tí ó gbọ́ èdè. Ó fẹ́ràn ‘ó ṣe pàtàkì láti ṣàkíyèsí pé’. Gbogbo nǹkan ló ń ‘kó ipa pàtàkì’ lójú tirẹ̀. Yóò kọ ‘ní òpin ọjọ́’ níbi tí a ti ń sọ ‘lọ́jọ́ alẹ́’, yóò sì to àpèjúwe ní mẹ́ta-mẹ́ta bí ẹni pé wọ́n fi òté lé ìkẹrin. Ibi tí mo ti ń tètè mú un jù ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn ń gbé ìtumọ̀ jáde. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá á ní aṣọ náà funfun báláú, ẹ̀rọ á ní ó funfun gan-an. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá á ní igi náà wó gbì, ẹ̀rọ á ní ó wó pẹ̀lú ariwo ńlá. Gẹ̀ẹ́sì ló wọ agbádá. Síbẹ̀, n kò lè fi èyí nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, nítorí pé àwọn kan nínú wa ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú kọ Yorùbá kí ẹ̀rọ tó dé, pàápàá àwọn tó ń túmọ̀ ìròyìn ní kánjúkánjú. Ọ̀dọ̀ wa náà ni ẹ̀rọ ti kọ́ ọ.

Ó ku bọ́tìnì kejì. Mo fún un ní ìtàn kúkúrú kan tí mo kọ, nínú èyí tí iná àtùpà kú láàárín òru. Ó dá a padà fún mi pé iná àtùpà jáde láyé. Ó ti rí i níbìkan pé ‘kú’ àti ‘jáde láyé’ jọ ń rìn, ó sì pààrọ̀ ọ̀kan fún èkejì kí ọ̀rọ̀ lè ya ni lẹ́nu. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ó ba sípẹ́lì ọ̀rọ̀ méjì jẹ́, ó gé gbólóhùn gígùn kan sí méjì níbi tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti ya, ó wá yọ àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tèmi kúrò. Nọ́ńbà mi já wálẹ̀ sí òdo. Nígbà tí ó kà á tán tí ó ní ojúlówó ènìyàn ló kọ ọ́, n kò rí ohunkóhun nínú rẹ̀ tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé tèmi ni. Mo ka ìwé àdéhùn wọn lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, mo sì rí i níbẹ̀ pé wọ́n lè tọ́jú ohun tí ènìyàn bá dà sínú àpótí wọn. Ó yẹ kí n ti kà á kí n tó da ìwé bàbá síbẹ̀.

Ohun kan wà tí mo gbádùn, n kò sì ní fi í pamọ́. Àwọ̀ pupa náà wúlò bí ènìyàn bá kà á bí dígí dípò kí ó kà á bí adájọ́. Ó jẹ́ kí n rí i pé ìpínrọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ mi sábà máa ń pupa, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sọ pa ọ̀nà kí n tó dé ibi tí mo ń lọ. Mo ti ń gé ìpínrọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ dànù báyìí, òǹkàwé kan kò sì tíì béèrè rẹ̀. Òǹkọ̀wé tí ó bá fẹ́ lò ó báyìí, lórí ìwé ara rẹ̀, lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Olùkọ́, olóòtú àti ọ̀gá iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi mú ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Mo ti dá owó tí mo ń san dúró. Bí ìwé kan bá fu mí lára báyìí, mo máa ń pe ẹni tí ó kọ ọ́, mo sì ń béèrè ohun tí ó yọ kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tí ó kọ̀wé a máa rántí ohun tí ó pa rẹ́, pàápàá èyí tí ó dùn ún láti pa rẹ́, a sì máa sọ ọ́ títí owó fóònù yóò fi tán. Àpilẹ̀kọ bàbá jáde ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. N kò yí ìlà kan padà nínú rẹ̀, àyàfi kọ́mà kan tí àwọn fúnra wọn ní kí n yọ.